Ṣé morphine 10 mg kan náà ni gbogbo aláìsàn yóò máa gbà?

olùtọ́jú_òru béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àti àwọn tó fara pa ni ọ̀rọ̀ mi ti wá. Oògùn ìrora tó máa ń wà nínú fáìlì kì í yí padà: “morphine 10 mg, abẹ́rẹ́ ìdí, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.” Bí morphine bá tán lọ́dọ̀ apoògùn, wọ́n á ní ká fún wọn ní pentazocine 30 mg, ká fi promethazine sí i. Bẹ́ẹ̀, ìka ò dọ́gba. Ẹ wo irú àwọn tó lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo: ìyá arúgbó ẹni ọdún 78, kílò 46, tí egungun itan rẹ̀ kán, ọmọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ SS, ẹni ọdún 24, kílò 60, tí ìrora eegun gbé wá, ọmọ ọdún márùn-ún, kílò 18, tí omi gbígbóná bó láyà àti lápá, bàbá kan tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú fún, àti ọkùnrin kan tó sanra, kílò 130, tó ń hanrun kí ilẹ̀ tó ṣú pàápàá.

Mílígíráàmù mélòó ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà, báwo la ṣe máa fún un, kí la ó sì máa wò lẹ́yìn rẹ̀? Mo mọ̀ pé dókítà ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ti ń wọ ara aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún mi pé “ó dá lórí aláìsàn” kó sì lọ. Iye ni mo fẹ́.

akunnilóorun_àgbà fèsì:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Iye náà wà, a ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń lò ó. Ìwọ̀n tí a bá fi kílò ṣírò kì í ṣe ohun tí a ó tì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí a rò pé ó ṣeé ṣe ká parí sí ni. Ẹni méjì tí ọjọ́ orí àti kílò wọn bára mu lè nílò ìwọ̀n tó jìnnà síra gan-an fún ọgbẹ́ kan náà. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ la ń fún un, a ó dúró, a ó wò, a ó tún fún un.

Fún àgbàlagbà, lójú iṣan ẹ̀jẹ̀: ìgò kékeré tó wọ́pọ̀ ní 10 mg nínú 1 ml. Ẹ fà á sínú síríńjì 10 ml, kí ẹ fa omi iyọ̀ 9 ml kún un. Ó ti di 1 mg nínú 1 ml kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ síríńjì náà kí ẹ tó gbé e kúrò lórí tábìlì, torí omi iyọ̀ àti morphine kò yàtọ̀ lójú. Ẹni tó lókun, tí kò tíì pé ọdún 65: 2 mg, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ béèrè bí ìrora ṣe rí, ẹ ka èémí, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń tòògbé, lẹ́yìn náà ni 2 mg mìíràn. Bó bá gba 10 mg tí ìrora kò sì mì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ síríńjì kejì. Ẹ pe dókítà kó wá wo aláìsàn fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí àpò ìtọ̀ tó kún, tàbí ẹsẹ̀ tó wú sínú POP tí wọ́n fi di egungun débi pé ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Morphine kò ní wo èyíkéyìí nínú wọn sàn, ó kàn máa bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé morphine kì í yára. Lójú iṣan, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ó lè tó ìṣẹ́jú 20 kí agbára rẹ̀ tó dé góńgó. Ẹni tó ń ké ní ìṣẹ́jú kẹwàá lè ti sùn wọra ní ìṣẹ́jú 25 láìgba nǹkan kan sí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó fún un ní abẹ́rẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ kété tó bá ti rí i pé ara tù ú. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó dúró.

Abẹ́rẹ́ ìdí ńkọ́? Góńgó tirẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 30 sí 60, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tó máa wọ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tó máa wọ̀ ọ́. Ewu rẹ̀ tóbi jù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ìlù ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára. Ẹ̀jẹ̀ kò dé inú ẹran ìdí rẹ̀ dáadáa, oògùn á jókòó síbẹ̀, aláìsàn á ṣì máa ké, wọ́n á tún gún un, wọ́n á tún gún un. Bí omi àti ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbé kọ́ fún un bá ti mú ara rẹ̀ móoru padà, gbogbo abẹ́rẹ́ mẹ́ta yóò wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ojú iṣan nìkan, díẹ̀díẹ̀.

Ìyá 78 náà: 1 mg ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bẹ́ ẹ bá ti fún un ní 4 mg, ẹ pe dókítà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ìdí nìkan ló ṣeé ṣe, 2.5 mg sí 5 mg ni, kì í ṣe 10. Omi ara àgbà ti dín kù, ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín rẹ̀ kò sì sáré mọ́, nítorí náà oògùn kan náà máa ń le lára rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ohun tó dára jù fún egungun itan tó kán, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí, ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí itan kú fún ìgbà díẹ̀: bupivacaine 0.25%, 30 ml, ìyẹn 75 mg. Òkè ààlà tirẹ̀ ni 2 mg fún kílò kan, tó jẹ́ 92 mg fún un, nítorí náà a kò rékọjá. Morphine tó máa nílò lẹ́yìn ìyẹn á dín kù gan-an.

Ọkùnrin kílò 130: ẹ má fi kílò 130 ṣírò. 0.1 mg fún kílò kan á gbé e dé 13 mg, ọ̀rá kò sì nílò apàrora. Bó bá ga tó 1.70 m, kílò tó bá gíga rẹ̀ mu kò ju nǹkan bí 66 lọ, òun la ó fi ṣírò, 1 mg sí 2 mg sì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Híhanrun tí ẹ sọ yẹn ṣe pàtàkì ju kílò lọ. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń pa dé bó bá ti sùn. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń jí i kó lè mí, morphine kò sì ní jẹ́ kó jí. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó ìwọ̀n 30, ẹ fi ẹ̀rọ ìka tó ń ka ọ́síjìn sí i lọ́wọ́ mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní diazepam “kó lè sùn.”

Ti kídìnrín, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn apoògùn.

apoògùn_wọ́ọ̀dù fèsì:

Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí morphine padà, ọ̀kan nínú ohun tó ń yí i sí ni M6G, tí òun náà ń pa ìrora, tó sì ń dín èémí kù. Kídìnrín ló ń kó M6G jáde. Bí kídìnrín bá ti rọ, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lè dára lójú gbogbo èèyàn, ti ẹ̀ẹ̀kejì náà á dára, tó bá wá di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, bàbá kò ní jí dáadáa mọ́, wọ́n á sì máa wá ohun tó fà á sínú ọpọlọ. Nítorí náà, fún bàbá yìí, fentanyl ló yẹ bó bá wà, torí ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ọ́ di ohun tí kò lágbára mọ́: 25 máíkírógíráàmù ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bó bá pé 100, ẹ dúró, ẹ pe dókítà. Kì í ju ìṣẹ́jú 30 sí 60 lọ lára, kò sì yẹ wọ́ọ̀dù tí kò sí ẹni tó lè jókòó ti aláìsàn. Ẹ rọra tì í, torí bí wọ́n bá ti ìwọ̀n púpọ̀ wọlé kíákíá, àyà lè le gbagidi débi pé afẹ́fẹ́ kò ní wọlé.

Bó bá jẹ́ morphine nìkan lẹ ní: ìdajì ìwọ̀n tí ẹ̀ bá fún ẹlòmíràn, kí àlàfo náà sì jẹ́ wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kì í ṣe mẹ́rin. Tramadol ṣeé fún un ní 50 mg sí 100 mg lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 12, kó má kọjá 200 mg lójúmọ́ (ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dára lè gba 400). Pethidine, tó jẹ́ apàrora bíi morphine, rárá. Norpethidine tó ń yọrí sí máa ń kó jọ sí ara wọn, ara á máa ta gìrìgìrì, gìrì á sì dé. Naloxone, oògùn tó ń lé morphine àti irú rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kì í dá gìrì yẹn dúró. Diclofenac náà, ẹ jìnnà sí i. Paracetamol 1 g lójú iṣan ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà kò léwu fún un, ó sì yẹ kó ti wà lára rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan morphine rárá.

Ẹ fojú sí ìwọ̀n tó wà nínú ìgò, torí wọn kò jọra: morphine 10 mg nínú 1 ml, a sì tún máa ń rí 15 mg, pethidine 100 mg nínú 2 ml, tramadol 100 mg nínú 2 ml, pentazocine 30 mg nínú 1 ml, fentanyl 100 máíkírógíráàmù nínú 2 ml. Máíkírógíráàmù 1000 ló wà nínú mílígíráàmù kan. Kí ẹni tó ń kọ fentanyl kọ máíkírógíráàmù tán pátápátá, kó má gé e kúrú, torí àgékúrú tí ọwọ́ kọ máa ń jọ mg. Kọ “1 mg,” má kọ “1.0 mg,” torí bí ojú àmì náà bá parẹ́, ó di 10. Kọ “0.5,” má kọ “.5,” nítorí ìdí kan náà.

Mo fi kún un: ẹni tó ti ń mu morphine olómi nílé nítorí jẹjẹrẹ kì í ṣe ẹni tuntun. Bó bá ń mu 60 mg lójúmọ́, tí kò sì lè gbé e mì mọ́, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tàbí ojú iṣan tó bá a dọ́gba jẹ́ ìdá mẹ́ta rẹ̀, 20 mg lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí 3 mg ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Bí ẹ bá fún un ní 1 mg bí ìyá arúgbó, ìrora á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí ẹ bá sì gbé 60 mg ẹnu lọ sínú iṣan láìpín in, ẹ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́ta.

ìyá_agbẹ̀bí fèsì:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ ò dárúkọ aboyún, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ń gbé wọn wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Bí dókítà bá ti fi morphine sínú omi ẹ̀yìn nígbà tó fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn pa ìsàlẹ̀ kú, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100 sí 150 máíkírógíráàmù, ó sì gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì, pẹ̀lú aago tó fún un. Morphine ibẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ, èémí sì lè rẹlẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà sí 18 lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó tán. Nítorí náà, ẹ máa ka èémí rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní pentazocine tàbí morphine mìíràn láìbéèrè lọ́wọ́ akunnilóorun. Paracetamol àti diclofenac ni kó máa gbà. Ẹ kíyè sí i pé ìgò 10 mg lásán tó ní oògùn ìpamọ́ nínú kì í ṣe fún ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí oògùn ìpamọ́ náà, ẹni tó bá ń wá 0.1 mg nínú 10 mg ń wá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe kékeré lójú síríńjì sì ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Fún ìrọbí: pethidine 50 mg sí 100 mg, abẹ́rẹ́ ìdí, nǹkan bí 1 mg fún kílò kan. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni ara rẹ̀ máa ń rọ jù. Ẹ wo ẹnu ilé ọmọ kí ẹ tó gún un. Bí ìkókó náà kò bá mí, ẹ fi àpò afẹ́fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti mí, ẹ má sáré lọ wá naloxone. Bí ìyá náà bá jẹ́ ẹni tí irú oògùn yìí ti di bárakú fún, naloxone lè dá gìrì sílẹ̀ fún ọmọ náà. Fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, morphine ọjọ́ méjì mẹ́ta kò burú. Pethidine léraléra ló burú. Ọmọ tó bá ń sùn jù, tí kò mu ọyàn, ẹ gbé e wá.

dókítà_ọmọdé fèsì:

Ti ọmọ kílò 18. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ má fojú dá a.

Àpapọ̀ rẹ̀ lójú iṣan: 0.05 mg sí 0.1 mg fún kílò kan, ìyẹn 0.9 mg sí 1.8 mg. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.02 mg fún kílò kan, nǹkan bí 0.4 mg, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí ara yóò fi tù ú, tàbí tó bá pé 1.8 mg. Ẹ po morphine bí akunnilóorun_àgbà ṣe sọ, 1 mg nínú 1 ml, ṣùgbọ́n ẹ fi síríńjì 1 ml fa iye tí ẹ fẹ́ jáde, torí síríńjì 10 ml kò lè wọn 0.4 ml dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé síríńjì ńlá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ pátápátá. 10 mg ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní ìlọ́po márùn-ún ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ fi omi iyọ̀ fọ kánúlà (rọ́bà tó wà lójú iṣan) lè ṣèèṣì mú un.

Àṣìṣe tó ń pa ọmọ jù nìyí: ẹnì kan fẹ́ fún un ní 1.8 mg, ó wá fa á láti inú ìgò tí wọn kò tíì pò. Ohun tó yẹ kó fà ni 0.18 ml. Ó fa 1.8 ml láti inú ìgò méjì. 18 mg nìyẹn. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń ṣẹ́ ìgò kejì fún ọmọdé, ẹ dúró, ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ẹ fi omi iyọ̀ 2 ml fọ kánúlà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n ọmọdé kéré débi pé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè kù sínú rọ́bà kánúlà. Ẹ óò rò pé kò ṣiṣẹ́, ẹ óò fi kún un. Tó bá di wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ẹni tó wá fún un ní oògùn mìíràn, bíi ceftriaxone tó ń pa kòkòrò, á ti èyí tó kù náà wọlé.

Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.025 mg fún kílò kan, àlàfo wákàtí mẹ́fà, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn wà tí ẹnì kan sì jókòó tì í. Fún ọmọ kílò 4, 0.1 mg ni. Ẹ mú 1 ml nínú èyí tí ẹ ti pò, ẹ tún fi omi iyọ̀ 9 ml kún un, ó di 0.1 mg nínú 1 ml. 1 ml ni tirẹ̀. Bí ibẹ̀ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí omi gbígbóná bó, morphine rẹ̀ yẹ kó wọlé ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa tú báńdéèjì, kì í ṣe nígbà tó bá ti ń pariwo. Paracetamol 15 mg fún kílò kan, 270 mg, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Codeine àti tramadol kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12: FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 2017 pé wọn kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n fún ìrora irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀dọ̀ wọn ń yí i padà kíákíá sí ohun tó le jù, tí èémí wọn sì dúró.

olùtọ́jú_òru:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìyẹn ni mo ń wá. Ó ku ẹlẹ́jẹ̀ SS náà. Ó ku pentazocine àti promethazine pẹ̀lú, tó jẹ́ pé òun gan-an ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, tí aláìsàn kò jí mọ́, kí ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́?

ẹ̀jẹ̀_ni_iṣẹ́_mi fèsì:

Àwọn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti pinnu kí wọ́n tó dé pé oògùn ló ti di bárakú fún wọn. Ní Bìrìtìkó, ìlànà NICE (àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀) ti 2012 sọ pé kí oògùn ìrora wọ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, kí a máa padà wò wọ́n ní ìṣẹ́jú 30, 30 títí ara á fi tù wọ́n, kí a má sì fún wọn ní pethidine. Kò sí ohun tó wà nínú ìyẹn tí wọ́ọ̀dù tiwa kò lè ṣe.

Kílò 60: 0.1 mg fún kílò kan jẹ́ 6 mg. Ẹ fún un ní 3 mg, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, 3 mg. Lẹ́yìn náà 2 mg sí 3 mg bí ẹ bá padà wò ó ní ìṣẹ́jú 30 tí ìrora ṣì le, tó sì wà lójúfò. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣiṣẹ́ fún un nígbà tó kọjá. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì. Bó bá ní kì í pé wákàtí mẹ́rin lára òun, ẹ má bínú. Nígbà tí kídìnrín wọn ṣì dára, ọ̀pọ̀ wọn ń kó morphine jáde yára ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí àrùn náà ti ba kídìnrín jẹ́, ó yí padà, ẹ padà sí ohun tí apoògùn_wọ́ọ̀dù sọ.

Àyà wọn ni kí ẹ máa ṣọ́. Àìgba oògùn tó kò jẹ́ kó lè mí kanlẹ̀ nítorí ìrora egungun ìhà; àgbàjù náà kò jẹ́ kó mí kanlẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló ń fa kí apá kan ẹ̀dọ̀fóró pa dé, kí ẹ̀jẹ̀ sì dì síbẹ̀. Kó máa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí méjì méjì bó bá wà lójúfò. Àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà, ọ́síjìn tó bọ́ sísàlẹ̀ 95%: ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ morphine nìkan mọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìyàgbẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ara yíyún kì í sábà túmọ̀ sí pé oògùn bá a lára jà.

Pentazocine: mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún wọn. Ó ní òkè tó ń kọlù: bí ẹ bá ń fi kún un ju ibì kan lọ, ìrora kò ní dín mọ́, ìran àti ìpayà ni yóò máa rí. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru, awọ ibi tí wọ́n ń gún léraléra máa ń le bí igi, ó sì máa ń di egbò. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, 30 mg ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kó má ju 360 mg lọ lójúmọ́. Ẹni tó ti wà lórí morphine kò gbọ́dọ̀ gbà á: ó máa ń lé morphine kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ìrora á padà dé, pẹ̀lú òógùn, yíyán àti inú rírun.

akunnilóorun_àgbà:

Ó dáa. Promethazine kò pa ìrora. Oorun ló ń kùn, aláìsàn tó bá dákẹ́ ni wọ́n sì máa ń kà sí ẹni tí ara tù. Ó tún ń mú kí àmì ewu tó ṣe pàtàkì jù sọnù, ìyẹn títòògbé. Lójú iṣan, bó bá jò síta tàbí kó ṣèèṣì wọ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, ìka lè kú. Bó bá jẹ́ nítorí èébì ni, ondansetron 4 mg ṣe é.

Ohun tí a ó máa wò: kí èémí tó rẹlẹ̀, oorun ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ fún oorun ní nọ́ńbà. 0, ojú rẹ̀ là. 1, ó ń tòògbé ṣùgbọ́n ó dáhùn kíákíá. 2, ó ń sùn lọ bó ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. 3, ó ṣòro láti jí i. Tó bá ti di 2, ẹ má fún un ní nǹkan kan, bó ti wù kó sọ pé ó ń dun òun tó. Ẹ ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ sì kà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí bó bá ti jí, iye náà á lọ sókè. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ẹ ń fún un, ìṣẹ́jú 15, 15 fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà wákàtí wákàtí títí wákàtí mẹ́fà. Bí ọ́síjìn bá wà nímú rẹ̀, ẹ̀rọ ìka lè máa ka 98% nígbà tí afẹ́fẹ́ búburú ti ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn rọ́pò kíkà. Ẹni tó fi orí gbá nílò ìṣọ́ra méjì: afẹ́fẹ́ búburú yẹn ń mú ọpọlọ wú sí i, morphine sì ń sọ ẹyinjú di kékeré débi pé ẹ kò ní rí àmì tí ẹ̀ bá rí.

Bó bá di 3, tàbí tí èémí kò tó mẹ́jọ: ẹ dá oògùn dúró, ẹ ké pe èèyàn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ọ́síjìn, kí ẹ sì fi àpò afẹ́fẹ́ mí fún un bí kò bá mí tó. Ìyẹn kọ́kọ́. Naloxone 0.4 mg nínú 1 ml: fún aláìsàn tó ṣì ń mí díẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ 9 ml kún un, 1 ml jẹ́ 40 máíkírógíráàmù. Ẹ fún un ní 1 ml ní ìṣẹ́jú kan sí méjì méjì, títí èémí yóò fi ju mẹ́wàá lọ. Èémí lẹ ń wá, kì í ṣe kó jí kalẹ̀. Bí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìrora iṣẹ́ abẹ á padà lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ru, omi lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Naloxone kì í pẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni, morphine sì lè pẹ́ jù ú lọ. Aláìsàn tó jí ní aago méjì òru lè tún lọ ní aago mẹ́ta. Ẹ má gbé e padà sí ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù. Bó bá tún ń sùn lọ, ẹ ṣírò àpapọ̀ naloxone tó jí i, ẹ gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sínú dírípù fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

olùtọ́jú_òru:

Bí kò bá sí naloxone lórí wọ́ọ̀dù ńkọ́?

akunnilóorun_àgbà:

Bí àpò afẹ́fẹ́ àti ìbòmú tó bá ojú aláìsàn mu bá wà, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà níbẹ̀, ẹ lè mí fún un títí wọn á fi mú naloxone dé láti tíátà. Bí àpò náà kò bá sí, ẹ má ti morphine kankan sí iṣan lórí wọ́ọ̀dù yẹn.